Ìgbì tó rin ọjọ́ mẹ́fà kó tó dé Ìlàṣẹ

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni òkun fẹ́ gba àbúrò mi lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé ìjì ń jà o. Kò sí òjò rárá. August break ni, atẹ́gùn rọra ń fẹ́, oòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Èmi àti ẹ̀ jáde nílé wa ní Festac láàárọ̀ kùtùkùtù, a gbé ọ̀pá ìwọ̀ méjì, kúlà kékeré kan, àti ṣawá dídì tí a rà lálẹ́ ọjọ́ Fúráídè láti fi ṣe ìdẹ. A lọ pàdé Bàbá létí omi.

Bàbá yìí, apẹja ni, Ègùn ni, ó sì ti wà lórí omi Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin kí wọ́n tó bí èmi. Ọkọ̀ pákó rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan lẹ́yìn. Òun ló máa ń gbé wa kọjá sí Ìlàṣẹ. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí, ẹ fojú inú wò ó: ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀sà tó ń ti Àgbádárìgì bọ̀ wà lápá kan, òkun Àtìláńtíìkì wà lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lápá ọ̀sà, ẹ ó kàn fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ láàárín àwọn igi àgbọn ni, ẹ ti dé etí òkun.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tan ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, òkun ò gbà lónìí. Ẹ jẹ́ ká dúró sínú ọ̀sà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ojú ọ̀run ná. Ìjì dà?"

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Ìgbì kì í bá ojú ọ̀run ibí yìí ṣe ìpàdé kó tó wá." Èmi rò pé òwe àgbà lásán ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbé wa lọ.

Nígbà tá a dé etí òkun, ìgbì ga, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ti ojú títì kan lọ, tí ìgbì ò ti fọ́. Omi ibẹ̀ dúdú díẹ̀, ó sì dà bí ibi tó rọlẹ̀. Àbúrò mi fi ọwọ́ tọ́ ọ, ó ní, "Bròdá, ibẹ̀ yẹn ni ẹja máa wà." Òtítọ́ ló sọ, ohun tó sì bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn. Ó wọ omi dé ìbàdí kó lè ju ìwọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Mo rí orí rẹ̀ tó ń lọ, tó ń lọ, bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá já sínú gọ́tà lọ́jọ́ òjò. Ó kọjú sí mi, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ mi rárá. Ẹ̀yìn ló ń lọ.

Bàbá ló sáré dé. Ó ń fi apá méjèèjì tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́, ó ń pariwo: "Ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́! Má bọ̀ níbí!" Àbúrò mi gbọ́. Ó yí ara padà, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí apá òsì, ó tó bí ogójì ìṣísẹ̀, ìgbì wá gbé e, ó ń tì í bọ̀ títí tó fi rá kòrò jáde sórí yanrìn. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ti lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń padà bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni ìgbì yẹn ti wá, nígbà tí atẹ́gùn Èkó ò lè gbé bébà dìde lọ́jọ́ náà?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ìgbì kì í ṣe omi tó ń rìn. Agbára ló ń rìn nínú omi. Ẹ ti rí ojú oró lórí omi rí, àbí? Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá kọjá, tí ìgbì rẹ̀ bá kan ojú oró náà, ṣe ló máa gòkè, tó máa sọ̀ kalẹ̀, kò ní tẹ̀ lé ìgbì náà lọ. Omi ń jó lójú kan, agbára ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbì fi lè rin ọ̀nà jíjìn gan-an láì tètè rẹ̀ ẹ́.

Nísàlẹ̀ ayé, níbi tí Áfíríkà ti parí títí lọ dé ibi yìnyín Antarctica, òkun fẹ̀ lọ salalu, kò sí ilẹ̀ gbòòrò tó máa dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Ìjì ibẹ̀ kì í sinmi. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, tí àwa ń sọ pé òjò ń rọ̀ tàbí pé August break dé, òtútù àárín ọdún ni lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà yẹn sì ni ìjì wọn máa ń le jù. Ìjì náà á na òkun, òkun á wú, ìgbì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ ní àríwá. Àwọn ìgbì kúkúrú á kú sójú ọ̀nà. Àwọn tó gùn ló máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, kò le. Lọ́jọ́ yẹn, kí àbúrò mi tó wọ omi, mo ti ya fídíò kékeré kan sórí fóònù. Nígbà tí mo wò ó padà, mo ka àkókò tó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì: ìṣẹ́jú àáyá 14. Lórí omi tó jìn, tẹ́ ẹ bá sọ iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn di ìlọ́po 1.56, ẹ ó rí bí orí ìgbì ṣe ń yára sí: 14 lọ́nà 1.56 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 79 ní wákàtí kan. Dáńfó kankan ò lè sá eré yẹn ní Mile 2 lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú ọ̀wọ́ ìgbì kì í sáré tó orí ìgbì fúnra rẹ̀, ìdajì eré náà ló ń sá. Nítorí náà, ẹ fi kìlómítà 39 ní wákàtí kan ṣe é. Tí ìjì náà bá jà níbi dígírì 45 ní gúúsù, tí Èkó sì wà ní nǹkan bíi dígírì 6 ní àríwá, dígírì 51 ló wà láàárín wọn. Dígírì kan jẹ́ kìlómítà 111. Ìyẹn lé díẹ̀ ní kìlómítà 5,600. Ẹ pín in sí 39: wákàtí 144 tàbí díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko.

Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú, tí èmi ń lọ aṣọ ìṣẹ́ tí mo máa wọ̀ ní Mọ́ńdè, ìgbì tó máa gbé àbúrò mi ti gbéra nílé. Bàbá ò mọ 1.56, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ojú ọ̀run Ìlàṣẹ ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ìró ìgbì ló gbọ́ láti apá kejì ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ìgbì tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń pẹ́ láàárín ara wọn, ìró wọn sì máa ń wúwo. Ohun tó ń gbọ́ kó tó tan ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ rántí Kuramo Beach ní Victoria Island: oṣù Kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọ ibẹ̀, tó gbé ilé pákó àti èèyàn lọ. Oṣù Kẹjọ náà nìyẹn.

Ó wá ku ibi tó dà bí ibi tó rọlẹ̀ yẹn. Gbogbo omi tí ìgbì bá tì wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá. Ìgbì ò jẹ́ kó rọ́nà padà láàárín, torí náà omi á sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi rí àlàfo nínú òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi, gbogbo rẹ̀ á sì gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí odò. Ibẹ̀ máa ń jìn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn ni ìgbì ò fi ń fọ́ níbẹ̀, ìyẹn náà ni àwọ̀ rẹ̀ fi dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ibẹ̀ ló dáa jù láti wọ omi. Eré omi náà lè tó mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ìgbì bá le, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní Olympics gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ máa bá a jà tààrà ni ikú. Kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀, òde ló ń fà á lọ, kò sì fẹ̀. Ẹ léfòó, ẹ má pariwo gba èémí yín tán, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi jáde nínú rẹ̀.

Ẹja ò kúkú bẹ̀rù ibẹ̀ ní tiwọn. Odò kékeré yẹn ń gbẹ́ yanrìn, ó ń kó àkàn wẹ́wẹ́, edé àti aràn òkun jáde bí ẹni gbé oúnjẹ ká orí tábìlì. Àwọn ẹja ńlá á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà níta, wọ́n á máa retí. Àbúrò mi ò ṣìnà nípa ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ ju ìwọ̀ síbẹ̀ lè dúró sórí yanrìn gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lo ọ̀pá gígùn. Èyí tí kò bá gùn tó, kó fi ẹja ọ̀hún sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń rò pé ọ̀pá ìwọ̀ fún ìgbádùn, nǹkan àwọn olówó Ìkòyí ni. Ó ní ibi tí òótọ́ ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá máa ń lọ jìnnà sí marlin àti tuna. Èkó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí pé pèpéle tó wà lábẹ́ òkun lọ́dọ̀ wa tín-ínrín ju ti apá Calabar lọ, kò pẹ́ tí omi á fi jìn lábẹ́ ọkọ̀, àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Avon Canyon sì gé pèpéle náà ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkó. Èmi ò ní owó epo tó máa gbé mi débẹ̀. Tèmi ò ju etí òkun, ọ̀sà, àti ọkọ̀ Bàbá lọ, ó sì ti tó kàwé lé lórí fún ọdún méjì.

Láti August títí di Disẹ́ńbà, àbúrò mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ìlàṣẹ. Èmi náà ò fi agbára mú un. Inú ọ̀sà lẹ́yìn Festac la wà, Bàbá sì ń kọ́ wa ní omi kíkún àti omi fífà. Lọ́dọ̀ wa, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Kì í ga lọ títí, nǹkan bíi mítà kan ni láàárín kíkún àti fífà nígbà tó bá pọ̀ jù, ìyẹn nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, tí oòrùn àti òṣùpá jọ ń fa òkun lórí ìlà kan náà. Àkókò rẹ̀ á máa fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nítorí pé òṣùpá náà ò dúró lójú kan. Tí omi bá kún ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, ẹ má retí ẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sọ́ńdè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé omi Festac kì í kún nígbà kan náà pẹ̀lú ẹnu òkun. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń ṣí sílẹ̀ tọdún tọdún láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun ni ibi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Apápá. Gbogbo omi tó máa kún lẹ́yìn ilé wa gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, kó yà sí apá ìwọ̀-oòrùn, kó kọjá Tin Can àti Kírikíri, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń pẹ́ lọ́nà. Táblì tí ẹ bá rí lórí fóònù, ti ẹnu òkun ni. Mo ti jókòó ti ìwọ̀ mi rí ní wákàtí tí táblì ní omi ń wọlé, omi iwájú mi sì ń jáde ní tiẹ̀. Bàbá ní omi tó bá dúró, ẹja inú rẹ̀ náà á dúró. Nígbà tí omi bá ń rìn ni oúnjẹ ń rìn, ìgbà yẹn ni ẹja ń jáde wá jẹun.

Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni ìjọba òyìnbó kọ́ ògiri òkúta gígùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu òkun níhìn-ín lọ́hùn-ún kí yanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn etí òkun wa kì í jókòó: ìgbì tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ ń gbé e lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, yanrìn kóra jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ní Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ní apá kejì, Bar Beach ò rí yanrìn tuntun gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní àjẹrun títí ìjọba fi rẹ̀. Victoria Island pàdánù, apá tiwa jèrè. Nígbà mìíràn tí àwọn ará Island bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a jìnnà sí ìlú, mo máa ń fẹ́ sọ fún wọn pé yanrìn yín wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ iyọ̀ ná, torí iyọ̀ ló ń sọ irú ẹja tí ẹ máa bá. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Nígbà òjò, odò Ògùn, Yewa àti àwọn yòókù á da omi dídùn sínú ọ̀sà débi pé iyọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ pátápátá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á dá, odò á fà, òkun á sì máa ti iyọ̀ wọlé pẹ̀lú omi kíkún. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èyí, ẹ kàn wo water hyacinth. Ewéko yẹn kì í ṣe ti ibí, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i níbí, ó gba ọ̀sà Àgbádárìgì wọlé láti apá orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà òjò, á bo omi débi pé ọkọ̀ Bàbá ò lè kọjá, á máa yọ ewé rẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, á máa ṣépè fún un ní èdè Ègùn. Tó bá di oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní, ẹ ó rí i tó ń gbẹ, tó ń di àwọ̀ ilẹ̀. Iyọ̀ ló dé. Bí ewé yẹn bá ti ń kú, croaker ń bọ̀ nìyẹn.

Croaker, ẹja tí ẹ ń rà lọ́wọ́n lọ́jà yẹn, òkun ló ti ń wá. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ wá láti inú ohùn rẹ̀, nítorí pé ó ń dún. Nínú ikùn ẹja náà, àpò afẹ́fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kó léfòó. Iṣan méjì wà lára àpò náà, tí wọ́n bá ń gbọ̀n, àpò náà á dún bí ìlù. Mo ti mú un dání rí tó ń dún, ó ń ta mí ní àtẹ́lẹwọ́ bíi fóònù tó ń gbọ̀n.

Oṣù Kejì ọdún yìí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ṣì mú, Bàbá pa ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà. Ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó gbé etí rẹ̀ lé igi rẹ̀ lórí. Ó ní ká dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì, ó gbé e fún àbúrò mi. Mo rí ojú ọmọ náà tó yí padà. "Bròdá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀!" Ó wá kàn mí. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ ọ: kó-kó-kó, kó-kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tó jìnnà réré.

Kí ló dé tí a ò gbọ́ ọ láìlo àjẹ̀? Ohùn ń sáré nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ, nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, bíi 340 nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá dé ojú omi, ó ṣòro fún un láti kọjá sínú afẹ́fẹ́, torí pé omi wúwo, ó sì le, afẹ́fẹ́ fúyẹ́. Bí ẹni fi ìyẹ́ adìẹ gbá ògiri ni. Púpọ̀ nínú ohùn náà á kàn padà sísàlẹ̀ ni. Igi ò rí bẹ́ẹ̀. Igi àjẹ̀ sún mọ́ omi ní líle ju afẹ́fẹ́ lọ, á gba ohùn náà, á gbé e gòkè, egungun orí yín á sì gbà á lọ́wọ́ igi. Ọ̀pọ̀ apẹja ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ olówó fi ń wá ẹja ń lo ohùn bákan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwọn ló ń pariwo, tó ń dúró de gbohùn-gbohùn, Bàbá ń gbọ́ ohun tí ẹja fúnra rẹ̀ sọ.

A ju ìwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, edé tútù la fi ṣe ìdẹ. Croaker ò fi bẹ́ẹ̀ lo ojú, omi ọ̀sà dúdú, òórùn ló ń tẹ̀ lé. A mú mẹ́rin kí omi tó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó tún jẹ ìdẹ wa fún wákàtí kan.

Àárín wákàtí yẹn ni nǹkan ńlá kan yí lójú omi, ó tó gígùn bẹ́ǹṣì, ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ó gbá afẹ́fẹ́ sẹ́nu, ó sì wọlẹ̀ lọ. Tarpon ni. Ẹja yìí ń mí sí afẹ́fẹ́ bíi tiwa nígbà tí kò bá sí ọ́síjìn tó nínú omi, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi lè dàgbà nínú ẹrẹ̀ àti láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà létí ọ̀sà, níbi tí ẹja mìíràn ò ti lè mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Festac, ẹ mọ ibi tí omi gọ́tà wa ń parí sí, ẹ ó mọ̀ pé ọgbọ́n yẹn wúlò fún un gan-an. Àwọn ará Florida ń fi tarpon yangàn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù lọ tí wọ́n fi ọ̀pá ìwọ̀ mú, tó sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, lọ́dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti mú un, ní Guinea-Bissau, lóṣù Kẹta ọdún 2003. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 130. Tiwa ò wo ìdẹ wa rárá.

Ọ̀sán ń pọ́n nígbà tí Bàbá wo òkè, tó sì ní òkun gbà lónìí. Mo wo àbúrò mi. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ojú òkun wa máa ń mọ́ jù, nítorí pé odò ò da ẹrẹ̀ sí i púpọ̀ mọ́. Omi ń gbóná sí i láti oṣù Kejì lọ, tó bá di oṣù Kẹta, ó lè dé dígírì 28 tàbí 29 ní Sẹ́síọ́sì. (Lóṣù Kẹjọ, ó ń tutù. Ní Ghana àti Côte d'Ivoire gan-an, omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá ní oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ó ń gbé oúnjẹ wá fún ṣawá, ìgbà yẹn sì ni ọdún ṣawá wọn. Tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀.) Nínú omi tó mọ́, ojú ni kúta fi ń ṣọdẹ. Ohunkóhun tó bá dán, tó sì ń sáré, á lé e. A ò fi ṣawá dídì ṣe é lọ́jọ́ náà, irin pẹlẹbẹ tó ń dán la so mọ́ okùn.

Òkú ọkọ̀ ojú omi kan wà ní etí òkun yẹn, ìdajì rẹ̀ wà lórí yanrìn, ìdajì wà nínú omi, ó ti dípẹtà. Irú wọn ti pọ̀ rí láti Lighthouse Beach lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìdọ̀tí ni, kò sí ẹni tó máa sọ pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun wa níbí, yanrìn lásán ni, kò sí àpáta. Ohun líle èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀ á di ilé. Àwọn ẹ̀dá oníkarahun á lẹ̀ mọ́ irin náà, ẹja wẹ́wẹ́ á wá jẹ wọ́n, kúta á wá jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn dáa ju gbogbo òkun tó kù lọ, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n sì ń bẹ̀rù láti sún mọ́ ọn kí àwọ̀n wọn má baà ya. Òfin ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun, ibẹ̀ wà fún àwọn apẹja bíi tiẹ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń tẹ̀ lé òfin náà. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó ń tú okùn rẹ̀ lọ.

Àbúrò mi dúró lórí yanrìn fún ìgbà pípẹ́. Kò tíì tú ọ̀pá ìwọ̀ tuntun tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tan aago, ó ń wo ìgbì. Ó ka mẹ́wàá tẹ̀ lé ara wọn, ó pín in.

"Mẹ́jọ," ló wí. "Bròdá, ẹ̀yin náà ẹ kà á."

Mo kà á. Mẹ́jọ lèmi náà rí. Ìgbì kéékèèké tó wá láti ibi tí kò jìnnà púpọ̀. Ó wá rìn lọ rìn bọ̀ létí òkun, ó ń wá ibi tí ìgbì ò ti fọ́. Ó rí ọ̀kan, tín-ínrín, ní apá ọ̀tún òkú ọkọ̀ yẹn. Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí yanrìn níwájú ibẹ̀, ó ní a ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn, títí kan Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́.

Nígbà tó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá náà tẹ̀ kọdọrọ. Kì í ṣe kúta. Jack crevalle ni, oníwàhálà, tí kì í fò, tí kì í yọjú, tó kàn máa ń fi ìhà pẹlẹbẹ rẹ̀ dènà omi tí á máa fa èèyàn lọ. Ó fa àbúrò mi títí dé ìdí ìlà tó fà sílẹ̀, ọmọ náà sì tẹ gìgísẹ̀ mọ́ yanrìn níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló gbà wọ́n. Mo wo aago.